Iná Ìkìlọ̀ Inú Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní ìlú Kàdúná, níbi tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975, awakọ̀ kan ṣàkíyèsí pé iná àpò afẹ́fẹ́ kò kú mọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí iná yìí tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí kò bá kú, àpò náà lè kọ̀ láti tú jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Rìwáyà kan fẹ́ yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà, tí í ṣe mẹkáníìkì, kọ̀ jálẹ̀: “Àbúrò mi, iná kọ́ ni àrùn, òun ni ó ń sọ fún wa pé àrùn wà.”

Ó fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò wá àléébù náà kàn: abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni. Ó tú okùn bátìrì, ó sì ní sùúrù kí agbára tí ó ṣẹ́kù tó tán, nítorí àpò yìí lè bú lu ènìyàn lójú. Ìsopọ̀ wáyà aláwọ̀ ìyeyè kan ni ó ti dẹ̀, nítorí títì tí wọ́n ń ti ìjókòó síwá-sẹ́yìn. Ó tì í wọlé dáadáa, ó so bátìrì padà, ó sì pa àkọsílẹ̀ àléébù náà rẹ́.

Iná tàn, ó sì kú. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí ó ń kìlọ̀ fún ni kì í ṣe ọ̀tá ẹni.