Ìbọn Tí Kò Ní Ọta, Irin Lásán Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ọta fún ìbọn tí ilé iṣẹ́ ti pa tì ni ó ń bá wí jù lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fàyè gba aráàlú láti ṣe ọta tí òun fúnra rẹ̀ yóò yìn, iṣẹ́ àfipawọ́ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni tó ní ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní Auto Mag, ọ̀ranyàn ni.

Harry Sanford ni ó ṣe agbátẹrù ìbọn náà ní ìlú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California. Ọdún 1971 ni ó dé ọjà, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1972, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe é ti wọ gbèsè, ó ti kógbá wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gbà á ṣe lẹ́yìn náà, síbẹ̀ gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà kò tó 10,000. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, ó tóbi, ó sì lẹ́wà lójú. Nígbà tí Clint Eastwood mú un lọ́wọ́ nínú fíìmù Sudden Impact lọ́dún 1983, òkìkí rẹ̀ kàn ju iye àwọn tó ní i lọ fíìfíì. Ọta tirẹ̀, .44 AMP, ni ìṣòro. Ọta yìí kò bá ìbọn tó wọ́pọ̀ kankan mu, bẹ́ẹ̀ ni ọjà kì í dúró de ẹni tí kò pọ̀.

Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn tó ra ìbọn náà ti di alágbẹ̀dẹ ọ̀ranyàn. Wọ́n máa ń ṣa kòròfo idẹ ọta ìbọn gígùn, irú .308 Winchester, èyí tí gígùn rẹ̀ tó mìlímítà 51. Wọn a gé e kù sí nǹkan bíi mìlímítà 33. Níwọ̀n ìgbà tí idẹ sì nípọn sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ há inú ẹnu tuntun náà títí yóò fi gba orí ọta. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rí i pé ọta náà há pinpin, ohun tó bá sì há níbi tí iná ti fẹ́ jáde, ewu ni.

Lẹ́yìn kòròfo ni orí ọta. Èyí tí a fi bàbà bò wọ́n lówó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ́ òjé dà fúnra wọn. Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan àwọn oníwèé ìròyìn. Láti ọdún 1886 tí ẹ̀rọ Linotype tí Ottmar Mergenthaler, ọmọ Jámánì, ṣe ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn New York Tribune, òjé gbígbóná ni wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ ìròyìn. Òjé náà kì í ṣe ògidì: nínú 100, nǹkan bíi 84 ni òjé, 12 jẹ́ áńtímónì, 4 tó kù jẹ́ tánganran. Tánganran ń jẹ́ kí ó ṣàn dé gbogbo igun, áńtímónì sì ń mú un le. Ní oṣù Keje ọdún 1978, New York Times náà pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, ó bọ́ sí kọ̀ǹpútà. Àwọn irin lẹ́tà tó kù ní ilé ìtẹ̀wé káàkiri di àlòkù tí wọ́n ń wọ̀n tà, àwọn tó ń da ọta sì rà wọ́n. Ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ lánàá ni wọ́n yọ́ di orí ọta.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ kò fara sin. Ògidì òjé rọ̀. Bí ẹ̀tù bá tì í sáré jù, kò ní lè di ilà tí a fín sínú ọ̀pá ìbọn mú. Yóò họ sára ọ̀pá, ọta kò sì ní lọ tààrà mọ́. Ṣùgbọ́n líle nìkan kò tó. Orí ọta gbọ́dọ̀ fi bín-ín-tín tóbi ju inú ọ̀pá lọ, kí iná má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń fi ìda oyin pẹ̀lú ọ̀rá pa á lára, àwọn mìíràn sì ń fi ìdérí bàbà kékeré bo ìdí rẹ̀.

Ìbọn tó ń gbé ọta fúnra rẹ̀ tún ní òfin tirẹ̀. Agbára ọta kan ni ó fi ń ju kòròfo dànù tó sì fi ń gbé òmíràn wọlé. Bí ẹ̀tù bá kéré, ìbọn á dákẹ́ láàárín iṣẹ́, tàbí kí orí ọta há sínú ọ̀pá. Ẹni tí kò bá kíyè sí i tó tún yìn ín lè fi ọwọ́ àti ojú san án. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, irin á fọ́. Àárín méjèèjì tóóró. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwọ̀n tí ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù là sílẹ̀, tó ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó ń ki ṣakabùlà láti ẹnu mọ ẹ̀kọ́ yìí: ẹ̀tù àkìjù kò mọ olówó rẹ̀.

Ewu kan wà tí kì í dún. Òjé jẹ́ májèlé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nǹkan bí 400 ọmọdé ni ó kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn ẹbí ń lọ̀ láti rí wúrà. Kò sí ìbọn kankan tó dún níbẹ̀, eruku ni. Ẹni tó ń yọ́ òjé nínú ilé tí ọmọ ń gbé, tí kò fọwọ́ kí ó tó jẹun, ń ta ọta sí ilé ara rẹ̀. California gan-an, níbi tí wọ́n ti bí Auto Mag, ti fòfin de fífi ọta òjé ṣọdẹ pátápátá láti oṣù Keje ọdún 2019.

Kí wá ni ọmọ Yorùbá yóò rí mú níbẹ̀? Òjé náà ni wọ́n fi to lẹ́tà Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. Irin kan náà ló ń sọ̀rọ̀, òun náà ló ń pani. Ọwọ́ tó bá bọ́ sí ló ń pinnu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ra ohun tí kò lè bọ́, ẹ̀ṣọ́ ara ògiri ló rà. Bí ó bá wá pinnu láti bọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò ní rí ilé iṣẹ́ kankan tí yóò di ẹ̀bi rù lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́. Ẹni tó da ọta náà ni yóò dáhùn fún un, láti ìgbà tí òjé ti ń yọ́ títí dé ibi tí ó bá balẹ̀ sí.