Ẹ Má Fà Á Lápá

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àánú ló ń mú èrò sáré fa ẹni tó fara pa lápá jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Bí iná ò bá sọ, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti yẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣẹ́ ewé tútù sójú títì lókèèrè, kí ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ilé ìwòsàn tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó. Òfin ìlera ọdún 2014 ka ìyẹn léèwọ̀: ẹni tó bá kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀.