Férémù Tí Kò Ní Fọ́tò



Láìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọ méje nínú ilé ìsìn wa ní London jókòó sórí ẹní, a ń ṣe férémù fún fọ́tò àwọn àgbà wa tó ti re ìwàlẹ̀ àsà. A gé páálí, a lẹ àjákù àdìrẹ mọ́ ọn, a sì fi owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan ló kọ́kọ́ parí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fọ́tò tí yóò fi sí i. Ìyá ìyá rẹ̀ ti kú ní Ọ̀yọ́ kí a tó bí i. Ó bi mí pé, “Ìyá Ọlọ́ṣun, níbo ni Ìyá Àgbà máa jókòó sí tí wọ́n bá dé?”

Ìbéèrè náà dùn mí. Èmi ni mo ní kí oníkálukú mú fọ́tò wá. N kò ronú kan ẹni tí kò ní. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo bèèrè oríkì olóògbé náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ki ìyá òun kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó kì í, tẹkúntẹkún. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú férémù, ó sì kà á sókè níwájú ojúbọ bí a ti ń ta omi sílẹ̀.

Kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wa, oríkì ni àwòrán òkú ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú ìsìn, bí fọ́tò kò bá sí, ẹ wá oríkì. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì wà láyé, ẹ bi í lónìí.