MTH 101 Dé Oko Kòkó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Bóyá ni kọ́ọ̀sì kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń bú tó MTH 101. Ìwọ wá kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹlòmíì wá kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ẹnì kẹta wá kọ́ nípa ilé kíkọ́, gbogbo yín pátá ni wọ́n á kó jọ sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ni yóò ti máa yọjú wo pátákó. Áljẹ́bírà àti trigonometry ni wọ́n kọ sínú ìwé pé a fẹ́ kọ́. Àwọn tó ti wà níwájú wa kò pè é bẹ́ẹ̀. "Kárí-ófà" ni wọ́n ń pè é.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ọdún 2024 kò fi háńdáwùtù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a ronú nípa ìyá tó ń lọ ata lọ́jà: ohun tí o bá dà sí i lókè ló máa sọ ohun tó máa jáde nísàlẹ̀. Bí o bá da ata kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, tó fún ọ ní ata lónìí, tó fún ọ ní ẹ̀wà lọ́la, ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́, kì í ṣe function. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí f(x), ariwo ẹ̀rọ ìlọta ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ohun kan tó ń yí padà ní ìlú rẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn bá ti dárúkọ Ìdànrè, ohun tí wọ́n máa bi í ni, "Ṣé o ti gun òkè yẹn rí?" Mo ti gùn ún, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Àkàsọ̀ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà kí o tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Láti ọdún 2007 ni UNESCO ti kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n lè sọ di ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Mo fi àsìkò sí ìsàlẹ̀ àwòrán, mo fi gíga sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà náà ń gòkè, ó dé ibi ìsinmi, ó sùn gbalaja, ó tún dìde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sùn. Àsìkò ń lọ, gíga ò kúrò lójú kan. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Èkó tí mo mú gùn ún rí wo àwòrán náà, ó ní tòun kọ́ nìyẹn, pé níbi tóun ti jókòó, ìlà yẹn yóò sùn dé ẹ̀yìn ìwé.

Ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí functions tí iye ń ga nípa ìsọdipúpọ̀, tí kì í ṣe nípa àfikún, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo ti mọ ibi tí ìlà yẹn wà nílé wa.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, bàbá mi yá mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa. Oògùn tí a fi ń fín kòkó lásìkò òjò, kí èso má baà dúdú kó jẹrà lórí igi, ó gba owó. Àwọn alágbàṣe gba owó. Owó ilé ìwé tèmi náà wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́. Èlé rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lóṣooṣù. Oko kòkó tó wà lẹ́bàá odò ni bàbá mi fi dógò: bí ọdún bá yípo tí gbèsè kò tán, ẹni yẹn ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀ títí owó rẹ̀ yóò fi pé.

Ìṣirò bàbá mi ni pé ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà ni èlé oṣù kan. Oṣù mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ó parí. Ìlà gbọọrọ ni, tó ń gòkè jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé àdéhùn náà nígbà tí mo wálé ní oṣù Kọkànlá. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó sọ pé èlé tí a kò bá san, yóò dara pọ̀ mọ́ ojú owó. Èlé orí èlé nìyẹn. Èyí kì í ṣe 1,000,000 + 100,000t mọ́. 1,000,000 tí a fi 1.1 sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ni: 1,771,561. Tó bá dé oṣù kejìlá, ó di 3,138,428, nígbà tí bàbá mi ń retí 2,200,000. Mo tẹ kálíkúlétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀? Bàbá mi kò ka x àti y rí, ó sì ti tó ogójì ọdún tó ti ń ta kòkó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi jókòó nídìí ẹní tí a sá kòkó sí. Mo ní hóró kan dúró fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Mo ka ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ìyẹn oṣù Kẹfà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kó òkìtì mìíràn, mo sì fi hóró kan kún un lórí mẹ́wàá mẹ́wàá. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń kà á: àádọ́fà, mọ́kànlélọ́gọ́fà, mẹ́tàléláàádóje, mẹ́rìndínláàádọ́jọ, mọ́kànlélọ́gọ́jọ, mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án. (Ẹ wò ó, ẹni tó lè pe 146 ní àádọ́jọ ó dín mẹ́rin, tí àádọ́jọ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́jọ ó dín mẹ́wàá, kí ló kù tí áljẹ́bírà fẹ́ fi dẹ́rù bà á?)

Ó wo òkìtì méjèèje tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Ìgbà wo ló máa di ìlọ́po méjì?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè logarithm gan-an nìyẹn. Oṣù méje àti díẹ̀. Mo sọ fún un pé kí oṣù Kìíní tó parí.

Àpò kòkó méje ló wà nínú yàrá. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà, owó ń gòkè. Wọn ò purọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ti kọjá 11,000 dọ́là. Ó wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejìlá ó tún gòkè kọjá 12,000. Mo mú ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní function ni òun náà, torí ọjọ́ kan, iye kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ òfin tó ń tẹ̀ lé, o lè ya èyí tó ti kọjá, o ò lè fà á síwájú. Ti gbèsè ni o lè fà síwájú. Ó wá bi mí léèrè pé èló ni owó kòkó gbọ́dọ̀ máa fi lé lóṣù kan kí ó tó sàn láti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ nígbà tí gbèsè wà nílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, lóṣooṣù, láìsinmi. Kòkó wo ló ń gun òkè láìsinmi?

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá mi. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ ohun tóun máa ṣe.

Ní oṣù Kejìlá, ó ta àpò mẹ́ta, ó san gbogbo gbèsè náà lọ́jọ́ kan, ó sì gba ìwé oko rẹ̀. Ẹni yẹn kò rò pé a máa tètè dé, ojú rẹ̀ fi hàn. Àpò mẹ́rin tó kù, bàbá mi kò tà á, ó ní òun náà fẹ́ bá àdúgbò retí. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ló tà á, owó ti wálẹ̀ nígbà náà. Kí ọdún náà tó parí, owó tọ́ọ̀nù ti já bọ́ sí nǹkan bí ìdajì èyí tó wà ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kò bínú. Ó kàn ní kí n wá ya àwòrán ìyẹn náà fún òun, kí òun fi kọ́ sára ògiri.

Mo gba B nínú MTH 101, ẹ bá mi dúpẹ́. Nígbà tí mo sì parí MTH 102, ìbéèrè mìíràn ni bàbá mi ti tọ́jú dè mí. Kòkó tí a bá gbé kúrò nínú ewé lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà, omi ló ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ sá a, ó máa ń fúyẹ́ kíákíá, lẹ́yìn náà á wá máa fà. Ìgbà tí omi bá ku nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí a kó o sápò kó má baà bu. Lọ́dọọdún sì ni ẹni tó ń rà á máa ń fi ọwọ́ kan án, tó máa ní kò tíì gbẹ, tó máa yọ nínú owó. Bàbá mi fẹ́ mọ ọjọ́ tó gbẹ gan-an, kí ó lè bá a jiyàn.

Mo ti ra òṣùwọ̀n kékeré kan ní Àkúrẹ́. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni màá máa wọ̀n ọ́n.