Orí Ọmọ Kì í Ṣe Ère

Arówóògún ará Ọ̀sì, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, a máa gbẹ́ ère obìnrin tòun ti irun dídì lórí. Irun bẹ́ẹ̀ kì í sì í tú láéláé. Irú rẹ̀ ni àwa ń wá fún àkọ́bí wa obìnrin. Nígbà tí a bí ìkẹta, tí oko àti ọjà kò jẹ́ kí a sinmi, a ń dì í ní ṣùkú le pinpin, kí ó lè pẹ́ lórí. Ọmọ ń sunkún, àwa ń bá a wí. Kò pẹ́, ẹ̀bátí rẹ̀ pá. Ojú tì wá.

Ìyá ọkọ wa ní Ìlọ́fà kò bá wa jà. Wọ́n mú òwú, wọ́n ní, “Ìyàwó, irun kò fẹ́ agbára.”

Láti ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, a ó fi ọṣẹ dúdú fọ irun náà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kí ó tó gbẹ tán, a ó fi òrí díẹ̀ pa á, nítorí òrí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin tètè lọ. A ó pín in sí mẹ́jọ, a ó sì fi òwú kó o wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó parí.

Irun ẹ̀bátí náà ti ń hù padà. Ẹ̀yin ìyá, ẹwà tí ó ń pa ọmọ lẹ́kún, kí ni a fẹ́ fi ṣe?