Abéèrè Kì Í Ṣìnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń béèrè, bí ó bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lè má dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń bára wọn gbé, máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lépa oyè máásítà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ obìnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tó ti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọdún 11 kí ó tó padà sí yunifásítì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ni ni kí ó lọ fi gba oyè, nítorí ìyẹn ni yóò tètè gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, tilẹ̀ bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń fi sosiọ́lọ́jì jẹ?" Kò rí èsì kan pàtó fọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé inú èsúsú tí ìyá náà kó ni owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti jáde, kò sì sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí lórí èsúsú náà. Kí ló mú kí 20 obìnrin máa kó owó wọn lé ara wọn lọ́wọ́ láìsí ìwé? Ìbéèrè yìí ló di kókó àpilẹ̀kọ rẹ̀.

Ní kíláàsì, ó ka iṣẹ́ Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1893 pé àdéhùn kì í dúró lórí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ nìkan. Ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwùjọ tó gbé e ró. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà pé ìdáhùn ti sún mọ́ tòsí.

Ìwé ìbéèrè ló wá di wàhálà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́ kí ó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Nígbà tó dán an wò lọ́jà, ó bi ìyá àgbàlagbà kan, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó béèrè iye tó ń wọlé fún un lóṣù, ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í ṣírò èrè rẹ̀ lóṣù. Ó béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ilé rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ mọ ilé tí ìbéèrè náà ń bá wí: ṣé agbo ilé bàbá rẹ̀ ni, ṣé ilé ọkọ ni, àbí yàrá tó ń sùn?

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rin ọ̀nà yìí. N. A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1893, gba oyè máásítà ní Yunifásítì Columbia ní New York, kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá lórí ìbágbépọ̀ àwọn Yorùbá. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní Ìbàdàn. Akinsola Akiwowo, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní tirẹ̀ gbé àsùwàdà, ọ̀rọ̀ tó ti inú Ifá wá, kalẹ̀ ní 1986 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ fún sosiọ́lọ́jì. Àwọn onímọ̀ Yorùbá mìíràn tako apá kan nínú èrò náà. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Durkheim.

Olùkọ́ náà tún ìbéèrè rẹ̀ kọ. Kò béèrè iye ọmọ mọ́, ó ní, "Àwọn wo ni ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn?" Kò béèrè bóyá wọ́n fọkàn tán ara wọn, ó ní, "Bí ẹni tó ti kó èsúsú bá kọ̀ tí kò dá a mọ́, kí lẹ máa ń ṣe?" Ìdáhùn ya bí omi. Ẹni tuntun, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi sí, kí ó kọ́kọ́ dá owó kí ó tó kó. Ẹni tí ìnáwó ìsìnkú tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ká mọ́ lè bẹ ẹlòmíràn kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Ẹni tó bá fẹ́ tètè kó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́, bí ó bá sì jẹ gbèsè, onígbọ̀wọ́ yẹn ni ojú yóò kọ́kọ́ tì. Ohun tí Durkheim ní ó wà lẹ́yìn àdéhùn, àwọn obìnrin Ìtòkú ní orúkọ fún un: ìgbọ̀wọ́ àti ìtìjú. Ìyá rẹ̀ ti mọ gbogbo èyí tipẹ́. Kò sí ẹni tó bi í rí ni.

Oyè náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún owó oṣù rẹ̀. Ohun tó yí padà ni iṣẹ́ àmúrelé tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n béèrè nílé bí alájọ, ẹni tó ń gba owó kiri lójoojúmọ́, ṣe ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé owó ọjọ́ kan ló máa ń yọ nínú oṣù. Wọ́n wá fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ń dá 200 náírà lójúmọ́ fi gbà kí 200 náírà rẹ̀ lọ lóṣooṣù, nígbà tí ó lè tọ́jú owó náà sílé fúnra rẹ̀. Olùkọ́ náà kò dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n padà lọ béèrè.