Okùn Fọkanáísà

Ọgbọ́n kò pin sí ibì kan. Ẹni tí ó bá rò pé inú ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni a ti ń kọ́ ọ, ojú ọ̀nà yóò kọ́ ọ ní tirẹ̀.

Bàbá olùkọ́ kan ń ti Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Nítòsí Ọbájànà ni ọkọ̀ rẹ̀ já sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kan sì ya pẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ ń yí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń yí pọ̀. Owó táyà kan péré ni bàbá lè ná. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ìyókù tí ó wà lápò rẹ̀.

Ó ní kí fọkanáísà ta táyà tuntun kan fún òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo mẹ́ta yòókù, ó mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọ̀kan yìí kò ní bá mẹ́ta wọ̀nyẹn dọ́gba. Yóò ba ọkọ̀ yín jẹ́."

Inú bí bàbá. "Àbí kí n lè ra mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ ni?"

Fọkanáísà kò fèsì. Ó fi okùn yí táyà tuntun po, ó ta á ní kókó. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó sì fi okùn kan náà yí táyà tí ó ti jẹ po. Okùn fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 ṣẹ́kù.

Bàbá, tí ó ti ń kọ́ni ní ìṣirò tipẹ́tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Àyíká táyà tuntun tó mítà 2.2. Nínú kìlómítà 1, èyí tí ó ti jẹ yóò fi nǹkan bí ìgbà 5 yí ju tuntun lọ; nínú kìlómítà 100, yóò lé ní 500. Irin tí ó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, kò ní rí ìsinmi mọ́. Yóò máa gbóná, yóò sì bàjẹ́.

Bàbá dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú."

Wọ́n jọ tú òkìtì táyà àlòkù. Wọ́n wá èyí tí irú àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu; wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n; wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin ara rẹ̀ tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ó bá okùn mu. Owó rẹ̀ kò tó ti tuntun. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kò dín.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, bàbá mú okùn wọ kíláàsì.